Yurt kì í ṣe àgọ́

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè ìdí tí àwọn ará Tọ́kì fi ń pe ilé tí akẹ́kọ̀ọ́ ń sùn ní "yurt", nígbà tó jẹ́ pé àgọ́ róbótó ni íntánẹ́ẹ̀tì fi ń hàn yín: ilẹ̀ téèyàn tẹ̀dó sí ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Eskişehir, ìlú kan ní Tọ́kì, èmi àti ọmọ Kàsàkstán kan nínú yàrá kan náà, ojú mi sì rí tó kí n tó mọ ìyàtọ̀ wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ó wà lára òkúta tí wọ́n fi rántí Kül Tigin, àbúrò ọba àwọn Tọ́kì àtijọ́, lọ́dún 732, ní àfonífojì Orkhon ní Mòǹgólíà, níbi tí ọba ti ń sọ fáwọn ẹbí rẹ̀ pé bí kò bá sí Kül Tigin, òkú wọn ì bá wà nílẹ̀ ní yurt àti lójú ọ̀nà. Nígbà tí ọ̀mọ̀wé Mahmud al-Kashgari kọ ìwé atúmọ̀ èdè Tọ́kì àtijọ́ rẹ̀ ní Baghdad láwọn ọdún 1070, ohun tí àwa ń pè ní ahoro ló fi túmọ̀ rẹ̀. Ó bá ìgbésí ayé darandaran mu: wọ́n á ká àgọ́ wọn lọ, ojú ibi tí wọ́n dó sí ló máa ṣẹ́ kù.

Ibẹ̀ ni kálukú àwọn tí èdè wọn bá ti Tọ́kì tan ti mú tirẹ̀ lọ. Ní Tọ́kì, ó di ìlú ẹni, ó sì tún di ilé akẹ́kọ̀ọ́. Lọ́dọ̀ àwọn Tatar, ilé lásán ni. Ní Kàsàkstán, ó di àwọn èèyàn fúnra wọn! Bí ìyá ọ̀rẹ́ mi bá ń bá a wí lórí fóònù, "jurt ne deydi?" ni mo máa ń gbọ́: kí ni aráyé máa wí? Èdè Tọ́kì tí mo gbọ́ kò ràn mí lọ́wọ́ rárá níbẹ̀.

Àgọ́ gan-an, kiyiz üy ni àwọn Kàsàk ń pè é, boz üy lọ́dọ̀ àwọn Kyrgyz. Àwọn ará Rọ́ṣíà ló sọ àgọ́ di yurta, ọ̀dọ̀ wọn ni àwọn òyìnbó yòókù ti gbà á.

Ẹ rántí pé y ti Tọ́kì sábà máa ń di j lọ́dọ̀ àwọn Kàsàk: yol (ọ̀nà) di jol, yıldız (ìràwọ̀) di juldız. T tó parí yurt náà máa ń di d lédè Tọ́kì bí fáwẹ̀lì bá tẹ̀ lé e: yurt, àmọ́ yurdum (yurt mi). Nítorí náà, tí ẹ bá ń wá ibùgbé ní Tọ́kì, kız yurdu ni ti obìnrin, erkek yurdu ni ti ọkùnrin.