Ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ o!

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ mi ra páálí kan tówó onírin àtijọ́ kún inú ẹ̀ lọ́jà àlòkù níbí ní New York. Mo rí bàbà kan níbẹ̀ tó rí bíi sẹ́ǹtì, 1863 wà lára ẹ̀, àmọ́ orúkọ ẹnì kan ni mo rí kà, Lindenmueller, wọ́n sì ya ife bíà sí i. Ṣé ayédèrú owó ni? Mo fẹ́ fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ fọ̀ ọ́ kó lè dán. (Òǹkàwé kan, Bronx)

Ìdáhùn: Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọsàn yẹn sílẹ̀ ná! Tókìnì oníṣòwò ni, ìyẹn bàbà táwọn onísọ́ọ̀bù ń ná bí owó, kì í ṣe ayédèrú. Nígbà Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà, ẹ̀rù ba aráàlú, wọ́n ń kó wúrà àti fàdákà pamọ́, nígbà tó fi máa di 1862 sẹ́ǹtì lásán gan-an ti wọ́n, èèyàn á rajà kò ní rí ṣéńjì gbà, làwọn onísọ́ọ̀bù bá ní kí wọ́n bá àwọn rọ bàbà tiwọn, kò tóbi ju sẹ́ǹtì ìjọba lọ, orúkọ wọn wà lára ẹ̀, ó ń ṣe ṣéńjì ó tún ń polówó ọjà. Ilé ọtí ni Gustavus Lindenmueller ní, tiẹ̀ tó ṣe síta sì lé ní mílíọ̀nù kan. Wọ́n ní àwọn ọlọ́kọ̀ ẹlẹ́ṣin ti Third Avenue gbà á lọ́wọ́ èrò títí ó fi pọ̀ lọ́wọ́ wọn, wọ́n kó o lọ bá a pé kó fún àwọn lówó gidi, ó kọ̀ jálẹ̀, wọn ò sì rí nǹkan kan ṣe sí i. Ìwà yẹn dùn mí nítorí àwọn tó gbà á tọkàntọkàn. 1864 ni Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì fòfin dá irú tókìnì bẹ́ẹ̀ dúró.

Torí ó pọ̀, tiyín ò fi bẹ́ẹ̀ wówó. Àwọn tó ń kó o jọ máa ń fi R1 dé R10 wọn bó ṣe ṣọ̀wọ́n tó: R1 ni èyí tó ṣẹ́ kù ju 5,000 lọ, R10 jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo láyé. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́, àwọ̀ pupa-dúdú tí bàbà fi ọ̀pọ̀ ọdún ní yẹn á ṣí, kò sì ní padà mọ́, òun gan-an làwọn oníbàárà ń wá. Etí ẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa dì mú, ẹ má sì fi í sínú rọ́bà rírọ̀ tó ní èròjà tí wọ́n ń pè ní PVC, ó máa ń ba bàbà jẹ́.

Ẹ tún tú páálí yẹn wò dáadáa o, tẹ́ ẹ bá rí bàbà tó tóbi ju èyí lọ, tó ní 1837, tí wọ́n kọ NOT ONE CENT (kì í ṣe sẹ́ǹtì kan) sí, tókìnì tó tún pẹ́ ju tiyín lọ nìyẹn, ẹ tètè kọ̀wé sí wa.