Wọ́n pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò níléeṣẹ́ bàálù akẹ́rù: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Igbákejì awakọ̀ ni mí nínú bàálù ATR 72 tó ń kó èrò. Iléeṣẹ́ kan tó ń fi Boeing 767 kó ẹrù ti pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Màá kọ́kọ́ jókòó níwájú ìgbìmọ̀, lẹ́yìn náà ni ìdánwò nínú simulator, ẹ̀rọ orí ilẹ̀ tó ń ṣe bíi bàálù. Yàtọ̀ sí àpò àwọn èrò, n ò kó ẹrù rí. Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má lọ sọ pé n ò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ náà. Kí ni kí n kà, kí ni kí n sọ?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, kú oríire. Fọkàn balẹ̀ ná. Wọ́n ti ka wákàtí tó o ti fò kí wọ́n tó pè ọ́, wọ́n sì mọ̀ pé èrò lò ń kó. Bó bá jẹ́ pé ìyẹn ni ìdíwọ́, ìwé ìpè náà kì bá tí dé ọwọ́ rẹ. Ohun tí wọn ò tíì mọ̀ ni bóyá irú iṣẹ́ tó ò ń tọrọ yé ọ. Níbi tí mo ti máa ń bá wọn jókòó sídìí tábìlì ìgbìmọ̀, ibẹ̀ gan-an ni mo ti ń rí àwọn tó mọ bàálù wà dáadáa tí wọ́n ń já kulẹ̀.

Ìbéèrè tó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń ṣáájú ni pé: kí ló dé tó o fi fẹ́ máa kó ẹrù? Àwọn kan á ní torí pé bàálù ńlá ni. Àwọn mìíràn á fi ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n á ní ẹrù kì í ṣàròyé, kì í sì í bì. A ti gbọ́ ẹ̀fẹ̀ yẹn débi pé kò pa wá lẹ́rìn-ín mọ́. Ẹni tó bá dáhùn báyẹn ti jẹ́ ká mọ̀ pé ó ń sá fún èrò ni, a ò sì tíì mọ ohun tó ń wá lọ́dọ̀ wa.

Iléeṣẹ́ akẹ́rù kì í ṣe oríṣi kan, torí náà kọ́kọ́ wádìí èyí tí tìrẹ jẹ́. Àwọn kan wà tí páálí àti lẹ́tà kánjúkánjú ni iṣẹ́ wọn. Lọ́jọ́ 17 oṣù Kẹrin ọdún 1973 tí FedEx bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Memphis, bàálù kékeré 14 ni wọ́n fi gbé páálí 186 lọ sí ìlú 25. Bàálù ti tóbi, páálí ti di ọ̀kẹ́ àìmọye, àmọ́ ìlànà yẹn ṣì wà: wọ́n á gba ẹrù nírọ̀lẹ́, gbogbo bàálù á kóra jọ síbùdó kan lóru, wọ́n á ṣa ẹrù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bàálù á sì tún tú ká kílẹ̀ tó mọ́. Àwọn iléeṣẹ́ mìíràn ń gbé ẹ̀rọ, ẹṣin, òdòdó àti oògùn kọjá òkun, awakọ̀ wọn á sì wà lẹ́yìn odi fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Àwọn kan tún ń yá iléeṣẹ́ ẹlòmíràn ní bàálù pẹ̀lú awakọ̀ inú rẹ̀, bí Atlas Air ṣe ń ṣe. Mọ ibi tí bàálù wọn ń sùn, mọ ẹni tó ni ẹrù tí wọ́n ń gbé. Tó o bá wá sọ pé, “Mo mọ̀ pé òru ni ẹ máa ń ṣiṣẹ́ jù, mo ti bá àwọn ará ilé mi jíròrò nípa rẹ̀, ètò tí a sì ṣe nìyí,” ìgbìmọ̀ á gbórí sókè.

Ọ̀rọ̀ oorun ni wọ́n á gbé kalẹ̀ tẹ̀lé e, má fojú kéré rẹ̀. Láàárín aago méjì sí mẹ́fà òru ni ara máa ń wálẹ̀ jù lọ, ìgbà yẹn náà sì ni ọ̀pọ̀ bàálù akẹ́rù ń balẹ̀. Lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 2013, kílẹ̀ tó mọ́, Airbus A300 ti UPS, iléeṣẹ́ akẹ́rù kan, já nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀ sí Birmingham ní ìpínlẹ̀ Alabama, àwọn awakọ̀ méjèèjì sì kú. Àjọ NTSB, tó ń wádìí jàǹbá ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, ní wọ́n ń bá ìsọ̀kalẹ̀ tí kò tò lọ, wọn ò sì ṣọ́ bí wọ́n ṣe ga sí ilẹ̀ tó. Wọ́n ka àárẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n sì ní igbákejì awakọ̀ kò fi àkókò ìsinmi rẹ̀ sùn bó ṣe yẹ. Ka àbọ̀ ìwádìí yẹn tán pátápátá. Nígbà tí wọ́n bá bi ọ́ pé báwo lo ṣe máa ń sùn lọ́sàn-án, sọ ohun tó ò ń ṣe gan-an: aṣọ dúdú lójú fèrèsé, fóònù tó wà ní pípa, wákàtí tó o máa ń lọ sórí bẹ́ẹ̀dì. “Kò sí wàhálà, mo lókun” kì í ṣe ìdáhùn. Wo òfin wákàtí iṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè tí iléeṣẹ́ náà ti gba ìwé àṣẹ, torí ó lè yàtọ̀ sí èyí tó o mọ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìsinmi Part 117 tó bẹ̀rẹ̀ lóṣù Kìíní ọdún 2014 de àwọn tó ń kó èrò, kò kan àwọn akẹ́rù ní dandan.

Ẹrù fúnra rẹ̀ ló kàn, ibẹ̀ ni kó o ti lo àkókò rẹ jù. Àwọn ẹrù eléwu pín sí ìsọ̀rí mẹ́sàn-án, o sì gbọ́dọ̀ mọ̀ wọ́n. Ìwé tó ń sọ fún kápútẹ́nì pé irú wọn wà nínú bàálù là ń pè ní NOTOC: orúkọ ẹrù, ìsọ̀rí rẹ̀, bó ṣe pọ̀ tó, àti ipò tó wà. Ẹnìkan wà nínú ìgbìmọ̀ wa tó máa ń gbé NOTOC kan sórí tábìlì, á sì dákẹ́. Ó ń wò ó bóyá ojú rẹ á lọ sórí ipò ẹrù náà: pálẹ́ẹ̀tì wo ni, ṣé èèyàn lè dé ìdí rẹ̀ lójú òfuurufú, kí ló wà nítòsí rẹ̀? Ẹni tó bá ka orúkọ kẹ́míkà nìkan tó sì dá ìwé padà kò tíì ronú bí akẹ́rù. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ọdún 2016 ni ICAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọkọ̀ òfuurufú, ti ní kí bàálù èrò má ṣe gbé bátìrì lithium-ion tó dá wà, tí kò sí pẹ̀lú ẹ̀rọ kankan, gẹ́gẹ́ bí ẹrù mọ́. Ọ̀dọ̀ wa ló kù tó ń gbà lọ.

Ìdí nìyí tí wọ́n á fi bi ọ́ léèrè nípa iná. Lọ́jọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2010, Boeing 747 ti UPS gbéra ní Dubai, ó ń lọ sí Cologne. Iná sọ láàárín ẹrù tí bátìrì lithium pọ̀ nínú rẹ̀. Èéfín bo yàrá awakọ̀ débi pé wọn ò rí ojú àwọn aago ìwakọ̀ mọ́. Doha sún mọ́ wọn ju Dubai lọ, àmọ́ Dubai ni wọ́n yí padà sí. Ọ́síjìn kápútẹ́nì kọṣẹ́, igbákejì nìkan ló kù tó ń wà á. Àwọn méjèèjì ló bá a lọ. Tí wọ́n bá ní kí lo máa ṣe, má há ìwé 767 sórí, wọn ò retí ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ. Ètò ìrònú rẹ ni wọ́n ń wá: ìbòjú ọ́síjìn kọ́kọ́, kí ẹ rí i pé ẹ ń gbọ́ ara yín, ta ló ń wa bàálù, ibo ló sún mọ́ jù láti balẹ̀. Kó o sì mọ̀ pé lórí àgbékà ńlá bàálù akẹ́rù, ọ̀nà tó wọ́pọ̀ láti ká iná lọ́wọ́ kò ni láti ti afẹ́fẹ́ tó ń wọlé pa, kí wọ́n sì tú agbára afẹ́fẹ́ inú bàálù sílẹ̀ ní gíga bí ẹsẹ̀ bàtà 25,000, kí iná lè ṣàìrí èémí. Ẹni tó ti inú bàálù èrò wá tó sì mọ èyí, a máa ń wo ara wa lójú.

Ka ti jàǹbá Bagram ní Afghanistan náà, ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin ọdún 2013: ọkọ̀ ológun kan já ìdè nínú Boeing 747 kété tó gbéra, ó yí sẹ́yìn, ó ba ẹ̀rọ ìdarí ìrù jẹ́, èèyàn méje sì kú. Wọ́n lè bi ọ́ pé ta ló ni ẹ̀bi tí ẹrù kò bá dè dáadáa. Loadmaster, ẹni tó ń rí sí kíkó àti dídè ẹrù, ló ń bójú tó o, ṣùgbọ́n kápútẹ́nì ló ń fọwọ́ sí i. Sọ pé wàá mú tọ́ọ̀ṣì, wàá rìn dé ẹ̀yìn, wàá sì wo àwọn ìdè náà fúnra rẹ.

Wọ́n á ní kó o sọ ìtàn ọjọ́ tí ìwọ àti kápútẹ́nì kò fẹnu kò. Múra ìtàn mẹ́rin tàbí márùn-ún sílẹ̀, òótọ́ ni kó jẹ́: ohun tó ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu rẹ gan-an, ibi tó já sí. Má ṣe di akọni nínú gbogbo wọn. Àwọn ìdáhùn tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwa náà ti kà wọ́n. Kò sí òṣìṣẹ́ inú bàálù tó máa gbé tíì wá fún ọ lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀yin méjì péré ni, láti òru mọ́jú, ẹni tó ń bi ọ́ léèrè sì ń rò ó bóyá òun á lè fara dà á.

Ní ti simulator, ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ 767. Béèrè ìwé tó ní àwọn iyára àti ìwọ̀n agbára ẹ́ńjìnì ṣáájú, ọ̀pọ̀ ló máa ń fún èèyàn. Nítorí pé ATR, tó ń fi abẹ̀bẹ̀ fò, lò ń wà, máa fi orí ṣírò ìsọ̀kalẹ̀: máìlì mẹ́ta fún ẹsẹ̀ bàtà 1,000 kọ̀ọ̀kan, torí bàálù jẹ́ẹ̀tì kì í dín eré kù bó o bá ṣe fẹ́. Tó bá dàrú, sọ “go around” sókè, ìyẹn ni pé o ò ní balẹ̀ mọ́, wàá tún gòkè, kó o tún un ṣe. Ẹni tó bá fi dandan balẹ̀ la máa ń já sílẹ̀.

Ìwé rẹ kò gba àlàyé púpọ̀. Láísẹ́ǹsì, ìwé ìlera Class 1, ẹ̀rí èdè Gẹ̀ẹ́sì ICAO tí kò relẹ̀ sí ìpele 4, àti logbook, ìwé àkọsílẹ̀ wákàtí tó o ti fò, tí àròpọ̀ rẹ̀ bá fọ́ọ̀mù mu. Tó o bá ti kùnà ìdánwò kan rí, ìwọ ni kó o kọ́kọ́ sọ ọ́.

Nígbẹ̀yìn, wọ́n á bi ọ́ bóyá o ní ìbéèrè. Béèrè bí wọ́n ṣe ń to iṣẹ́ òru tẹ̀ léra, àti ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí awakọ̀ tó bá pè pé ó ti rẹ òun jù láti fò. Fetí sí ìdáhùn èkejì yẹn dáadáa. Ti owó oṣù, jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ sọ pé àwọn fẹ́ gbà ọ́.