Èsì: Ṣé bàbá Miles máa kú ní apá kẹta Spider-Verse?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bi wá pé ṣé Jefferson, ọlọ́pàá tó jẹ́ bàbá Miles (ọmọ tó ń ṣe Spider-Man), máa kú ní apá kẹta fíìmù kàtúùnù Spider-Verse. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀ rárá o. Nínú apá kejì tó jáde ní 2023, Miguel, olórí àwọn Spider-Man láti oríṣiríṣi ayé, ń pariwo pé dandan ni kí ọ̀gá ọlọ́pàá kan tó sún mọ́ Spider-Man kú, pé táa bá gbà á là ayé yẹn máa túká, Jefferson sì ti fẹ́ di ọ̀gá ọlọ́pàá, àmọ́ ṣé ẹ rántí bàbá Gwen, ọ̀rẹ́ Miles tó ń ṣe Spider-Woman láyé mìíràn? Ọ̀gá ọlọ́pàá lòun náà, ó kàn fiṣẹ́ sílẹ̀ ni, ayé Gwen ò sì túká! Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n fi ìdáhùn sí, mi ò mọ ìdí táwọn èèyàn fi ń fò ó kọjá. Ẹlòmíì máa ní ti Pavitr, Spider-Man ayé mìíràn, ńkọ́, tí ihò ńlá ṣí sílùú ẹ̀ lẹ́yìn tí Miles gba Inspẹ́kítọ̀ Singh, ọ̀gá ọlọ́pàá ibẹ̀, là, àmọ́ Spot, ọ̀tá Miles tó ń ṣí ihò káàkiri, ṣáà ti ń da nǹkan rú níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Èyí tó ń jẹ mí lọ́kàn jù ni Miles kejì, ti Earth-42, ayé mìíràn níbi tí wọ́n ti de Miles wa mọ́lẹ̀ níparí apá kejì. Ayé tiẹ̀ ni aláǹtakùn tó bu Miles wa jẹ ti wá, bàbá tiẹ̀ ti kú, òun wá di Prowler, ọ̀daràn tó ń wọ ìbòjú. Ọmọ tó ti sin bàbá ẹ̀, tó wá gbọ́ pé bàbá ẹnì kejì ẹ̀ náà fẹ́ kú, ṣé á kàn máa wòran ni? Lójú tèmi, òun fúnra ẹ̀ ló máa tú Miles sílẹ̀, àwọn méjèèjì á jọ kojú Spot, Gwen àti Hobie àtàwọn Spider-Man yòókù á sì bá wọn lójú ìjà.