Ẹfúnṣetán Kò Bá Wọn Dé Kírìjì

ÌBÉÈRÈ: Bàbá Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yorùbá ní Kubwa fẹ́ ṣe àfihàn ibùdó ogun Kírìjì fún ọjọ́ kan gbáko. Kì í ṣe eré orí ìtàgé o. A ó pàgọ́, a ó dáná, a ó wọṣọ ayé ìgbà yẹn, àwọn èèyàn á sì máa rìn káàkiri láàárín wa. Mo ti sọ fún wọn pé èmi ni n ó ṣe Ẹfúnṣetán, mo sì ti ra léèsì kan tó bá iyùn mi mu. Baálé mi ní òun ò lè pariwo ogun ní tòun. Kí ló kù tí a ó ṣe? (Ìyá Ìbejì, Kubwa, Àbújá)

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìmúra. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́jú léèsì yẹn de òde ìgbéyàwó. Ọdún 1874 ni wọ́n pa Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn. 1877 ni ogun Kírìjì, tí Ìbàdàn bá àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà jà, bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìtàn nínú àwọn òǹwòran á rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò mọ̀ á gbé irọ́ relé, òun gan-an ló ń dùn mí.

Obìnrin tí kò lórúkọ nínú ìwé ni kí ẹ ṣe. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni wọ́n fi wà lójú ogun, títí di 1893. Ibùdó Ìbàdàn ní Ìgbájọ ti di ìlú: wọ́n kọ́lé, wọ́n dáko. Ta ló ń bọ́ wọn? Ẹ jókòó ti agbada yín, ẹ máa dín àkàrà, ẹ sì máa bú Ààrẹ Látòósà, olórí ogun Ìbàdàn, pé kò jẹ́ káwọn ọkùnrin padà sílé. Àmọ́ Látòósà kú sí ibùdó náà ní 1885, nítorí náà kí ẹgbẹ́ yín kọ́kọ́ mú ọdún kan, kí ẹ lè mọ ẹni tí ẹ ó bú.

Èmi ì bá mú 1886. Oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn ni wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà, Alùfáà Samuel Johnson sì wà lára àwọn tó ń gbé ọ̀rọ̀ lọ gbé e bọ̀ láàárín ibùdó méjèèjì. Iṣẹ́ baálé yín nìyẹn: kó di ìwé mọ́wọ́, kó máa rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí tọ̀tún tòsì máa fura sí i.

Ní ti aṣọ, kò sí léèsì, kò sí ańkárá. Ọ̀rúndún ogún ni adìrẹ ẹlẹ́kọ tó gbòde, ẹ fi ìyẹn náà sílẹ̀. Ẹ wá kíjìpá, aṣọ òwú híhun tó nípọn. Bẹ́ẹ bá rí funfun, tí ẹnì kan sì ń lọ sí Kánò, kó bá yín rẹ ẹ́ láró ní Kofar Mata. Wọ́n ní láti 1498 ni kòtò aró ti wà níbẹ̀. Ìró kan láyà, ìborùn kan léjìká, ó tó. Bẹ́ẹ bá ń lo awò ojú, ẹ fi sójú o. N kò ní kí ẹ torí ìtàn ṣubú sínú epo gbígbóná.

Irú ni kí ẹ fi sebẹ̀, kì í ṣe Maggi. Ẹ pè é ní dàwàdáwà fáwọn tó ń tà á lọ́jà Kubwa. Àwọn obìnrin Gbàgyí ló ni iṣẹ́ ìkòkò amọ̀ lágbègbè wa. Ọ̀kan nínú wọn ni Ladi Kwali tó wà lẹ́yìn owó ogún náírà. Ìrísí ìkòkò wọn kì í ṣe ti Ìgbájọ, ṣùgbọ́n ó sàn ju báfù oníke lọ.

Ìbọn ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ṣakabùlà gidi wá. Kí káfíńtà gbẹ́ ti igi. Ẹ má sì yin nọ́káwùùtù: ní Àbújá òde òní, bí nǹkan bá dún gbàmù, kò sẹ́ni tó máa dúró gbọ́ ìtàn. Bàtá á ṣe é.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, àgùnbánirọ̀ ni mí ní Keffi, wọ́n pè mí wá wo nǹkan tí wọ́n fẹ́ ṣe ní Kubwa yìí. Ṣé mo lè bá àwọn ará ibùdó náà sọ̀rọ̀? (Ọmọ Ìjẹ̀ṣà)

ÌDÁHÙN: Bá wọn sọ̀rọ̀ dáadáa, ọmọ mi. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni kí o bi wọ́n: ibo lẹ ti ń rí iyọ̀, ta ló ń ta ẹ̀tù fún yín? Ìwọ tó o jẹ́ Ìjẹ̀ṣà, ọ̀dọ̀ Ògèdèngbé, ọ̀gágun Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, làwọn èèyàn rẹ wà, wọ́n sì ní ìbọn tí wọ́n ń kì láti ẹ̀yìn, èyí táwọn ọmọ ilẹ̀ wọn tó wà l'Ékòó bá wọn wá. Lọ síwájú àgọ́ Ìbàdàn, kí o béèrè bóyá wọ́n gbọ́ ìró rẹ̀. Gba àṣẹ kí o tó ya fọ́tò. Ṣùgbọ́n má wọ káákì àgùnbánirọ̀ wá o, àfi bó bá wù ọ́ kí wọ́n ní kí o lọ máa tọ́ ọkọ̀ sọ́nà níbi páàkì.