Ṣé eré àti àwòrán tí ọ̀dọ́ ń ṣe lè dènà ìwà ipá láàárín àwọn ọ̀dọ́langba tó ń fẹ́ra sọ́nà?
Bẹ́ẹ̀ ni, pàápàá bó bá jẹ́ àwọn ọ̀dọ́ fúnra wọn ló ń darí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́langba kì í sọ fún òbí. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n ń finú hàn. Eré orí ìtàgé máa ń fi ohun tí wọ́n ń pè ní ìfẹ́ hàn bó ṣe rí gan-an: kí ẹnì kan máa yẹ fóònù rẹ wò, kó máa lé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ sẹ́yìn. Ìwà ipá nìyẹn, kódà bí kò bá tíì gbá ọ létí. Ní Amẹ́ríkà, oṣù Kejì ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìpolongo lòdì sí ìwà ipá láàárín àwọn ọ̀dọ́ tó ń fẹ́ra sọ́nà láti 2010. Àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ a máa wọ aṣọ aláwọ̀ ọsàn láti fi ti ìpolongo náà lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, kí àgbàlagbà tó ṣeé fọkàn tán wà nítòsí, torí òǹwòran kan lè fẹ́ sọ tirẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.