Kí ni wọ́n ń lo oògùn lenalidomide fún, ṣé kò sì léwu?

Lenalidomide jẹ́ oògùn oníkápúsù tí wọ́n fi ń tọ́jú myeloma, ìyẹn jẹjẹrẹ inú mùdùnmúdùn eegun, àti irú àwọn àìsàn ẹ̀jẹ̀ mìíràn bíi MDS (àìsàn tí mùdùnmúdùn eegun kì í fi ṣe sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó dáa tó) àti lymphoma (jẹjẹrẹ irú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan). Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó léwu tí kò bá sí dókítà tó ń ṣọ́ ẹni tó ń lò ó.

Ó ń ta àwọn ọmọ ogun ara jí sí jẹjẹrẹ náà. Fún myeloma, 25 mg lóòjọ́ ló wọ́pọ̀: ọjọ́ 21 ní lílò, ọjọ́ 7 ní ìsinmi, pẹ̀lú dexamethasone, ìyẹn oògùn sítẹ́rọ́ìdì kan. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dáa tó máa ń lo èyí tó kéré sí i.

Oyún ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Ìbátan thalidomide ni lenalidomide; thalidomide ni oògùn tó sọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ di aláàbọ̀ ara láti inú oyún kó tó di pé wọ́n kó o kúrò lọ́jà ní Jámánì lọ́dún 1961. Obìnrin tó ṣì lè lóyún gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò oyún lẹ́ẹ̀mejì kó tó bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin gbọ́dọ̀ lo kọ́ńdọ̀mù, torí oògùn náà ń wọ inú àtọ̀. Odindi ni kí ẹ gbé kápúsù náà mì. Ẹ má ṣí i, kí aláboyún má sì fọwọ́ kan ìyẹ̀fun inú rẹ̀.

Ó tún lè mú ẹ̀jẹ̀ dì. Bí ẹsẹ̀ kan bá ṣàdédé wú, tó ń dunni, tàbí tí mímí bá nira lójijì, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀. Ibà náà kò ṣeé fojú di, nítorí oògùn yìí máa ń dín sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń bá àrùn jà kù.