Òrùlé kọ́ ló ń sùn: bí a ṣe ń mọ ibi tí àwọn lébùrà oko kòkó ń gbé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ oníkòkó kan lágbègbè Ìdànrè. A fẹ́ kọ́ ilé fún àwọn lébùrà wa, àwọn Ìgèdè àti Àgátú láti ìpínlẹ̀ Benue, nítorí ahéré tó ń jò ni ọ̀pọ̀ wọn ń sùn. Ọkùnrin kan ta àwòrán sátẹ́láìtì fún wa. Ó ka òrùlé 212, ó fi márùn-ún sọ ọ́ di púpọ̀, ó ní lébùrà 1,060 ló wà níbẹ̀. Ṣé ká fi iye yẹn ra ilẹ̀ sí ẹ̀bá títì, ká kọ́ ogún yàrá ná?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì ra ilẹ̀ kankan. Irú ìbéèrè yìí ti di mẹ́rin tó dé ọwọ́ mi lọ́dún yìí, kò sì sí èyí tí aláwòrán kan ò sí nínú rẹ̀.

Mi ò ní àwòrán òfúrufú ò wúlò. Òun ni wọ́n fi rí àwọn abúlé tí kò sí lórí máàpù nígbà tí wọ́n ń fún àwọn ọmọdé lábẹ́rẹ́ àjẹsára àti oògùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ní òkè Ọya. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ibẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Oko kòkó yín ńkọ́? Igi obì àti kòkó fúnra rẹ̀ ti bo ahéré mọ́lẹ̀. Ahéré ọ̀hún, imọ̀ ọ̀pẹ tàbí tapólì ni wọ́n fi bò ó. Páànù ni àwòrán máa ń rí ketekete, bẹ́ẹ̀ páànù ibi tí ẹ ń kó kòkó sí kí òjò má pa á, ti ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí àti ti ṣọ́ọ̀ṣì wà lára ohun tó kà. Nínú 212 yẹn, àwọn òrùlé kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í sùn lábẹ́ wọn. Àwọn tí èèyàn ń sùn sí gan-an sì wà tí kò sí nínú 212.

Márùn-ún yẹn ló tiẹ̀ bí mi nínú jù. Ìdílé ni wọ́n ń fi irú iye bẹ́ẹ̀ ṣírò: bàbá, ìyá, àwọn ọmọ. Lébùrà kì í gbé bí ìdílé. Mo ti wọ ahéré tí ọkùnrin mọ́kànlá tẹ́ ẹní sí, mo sì ti wọ èyí tí ẹyọ ẹnì kan ń ti inú rẹ̀ ṣọ́ kòkó. Márùn-ún ò bá èyíkéyìí mu.

Àkókò náà wà ńbẹ̀. Bí ẹ bá lọ kà wọ́n lọ́sẹ̀ ọdún Ìgèdè Àgbà, ọdún iṣu tuntun àwọn Ìgèdè nínú oṣù Kẹsàn-án, ẹní kíká lẹ máa bá, wọ́n ti wọkọ̀ lọ sí Benue. Bó bá di oṣù Kẹwàá tí kòkó ń pọ́n, ahéré á tún kún. Bí ẹnìkan bá sì gbé iye ìkànìyàn wá bá yín, ẹ rántí pé oṣù Kẹta 2006 ni a kà wá kẹ́yìn. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún náà ti ń ṣe àgbàṣe báyìí.

Àwọn fúnra wọn ni kí ẹ bi. Àmọ́ ẹ ṣọ́ bí ẹ ṣe máa bi wọ́n. Bí ẹ bá ní “Níbo ni ilé yín?”, Ọ̀jú ni àwọn Ìgèdè á wí, tàbí Obi, ní Benue lọ́hùn-ún, nítorí ilé ẹni ni ibi tí a ti wá. Àwa náà ńkọ́? Ẹni tó ti lo ogójì ọdún l'Ékòó ṣì ń sọ pé ilé òun ni Ìkìrun. Ẹ bi wọ́n pé, “Níbo lẹ sùn mọ́jú òní? Ẹ̀yin mélòó lẹ sùn síbẹ̀?” Ìbéèrè méjèèjì yìí ṣe mí lóore ju gbogbo àwòrán tí mo ti rà lọ.

Ẹ má wá wọn lọ sí ilé. Ẹnu iṣẹ́ ni kí ẹ ti bá wọn. Ní ìparí àwọn ọdún 1980 ni ìjọba Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan lórí àwọn òṣìṣẹ́ oko wọn, oko ni wọ́n sì ti rí wọn, torí wíwá irú èèyàn bẹ́ẹ̀ láti ojúlé dé ojúlé kì í bímọ re. Tiyín, ọjọ́ ọjà, ìdí òṣùwọ̀n àwọn tó ń ra kòkó, àti ọ̀dọ̀ ọ̀gá tó ń kó wọn wá láti Benue. Àwọn ọlọ́kadà mọ ọ̀nà abà ju bálẹ̀ lọ.

Lórí iye, ẹ lo ọgbọ́n àwọn tó ń ka ẹja inú odò. Ká ní ẹ bá 60 sọ̀rọ̀ lọ́jà, ẹ fún kálukú ní káàdì. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ bá 50 pàdé ní ibòmíràn, 20 nínú wọn sì mú káàdì jáde. Ìdá méjì nínú márùn-ún nìyẹn. Ó túmọ̀ sí pé 60 àkọ́kọ́ náà jẹ́ ìdá méjì nínú márùn-ún gbogbo wọn: wọ́n tó 150. Bí ẹ bá padà sí ojú ibi kan náà, àwọn kan náà lẹ máa rí, iye á kéré jù. Bí àwọn kan bá ti lọ tí àwọn tuntun sì dé, á pọ̀ jù. Ẹ ṣe é ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ẹ má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Ní oṣù Kìíní 2021, ìjọba Oǹdó fún àwọn darandaran tí kò forúkọ sílẹ̀ ní ọjọ́ méje láti kúrò nínú igbó ọba. Láti ìgbà náà, àlejò tó bá rí ẹni tó mú bírò wọ igbó, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ má sì fi máàpù ahéré síta, kí ajínigbé má bàa rí i lò. Òfin ààbò ìsọfúnni 2023 ṣì wà, mi ò sì fẹ́ gbọ́ pé èmi ni mo rán yín.

Ogún yàrá ẹ̀bá títì yẹn, bí gbogbo wọn bá lọ sùn síbẹ̀, ta ló máa ṣọ́ kòkó yín lóru? Olè àti ọ̀nà jíjìn ló ń mú wọn sùn sóko. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ páànù, ilẹ̀ tí a fi sìmẹ́ńtì rẹ́, ṣáláńgá àti kànga nínú abà gan-an ni owó yín yẹ kó lọ fún. Bí èèyàn bá ju mẹ́ta lọ nínú yàrá kan, àjọ UN-Habitat ti kà á sí àkúnjù. Ẹ fi ìyẹn díwọ̀n. Mi ò tíì fojú rí ilẹ̀ yín o, nítorí náà ẹ pe olùṣètò ìlú tó ní ìwé àṣẹ kí ẹ tó yọ búlọ́ọ̀kù kan.

Ọkùnrin àwòrán yẹn, ẹ ní kó wá mú yín lọ sábẹ́ mẹ́wàá péré nínú òrùlé 212 rẹ̀, ní aago márùn-ún ìdájí. Bó bá kọ̀, ẹ gba owó yín.